Ara gbígbọ̀n nígbà tí àtọ̀gbẹ kò tíì wọlé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe jẹun ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Títí di òní, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnì kan má bi mí pé: "Màmá, wọ́n ní ṣúgà mi ga díẹ̀. Kí ló wá dé tí ara mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ebi fẹ́ pa?" Èmi náà ti bi ara mi rí. Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn ni pé ṣúgà tó ga náà lè já wálẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Àyẹ̀wò àárọ̀ ọjọ́ kan gbé 114 jáde fún mi, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń kọ ohun tí mo bá rí lára mi sínú ìwé pélébé kan. Àwọn ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ni mo kó jọ síbí.

Wọ́n ní mo wà lẹ́nu ọ̀nà àtọ̀gbẹ. Kí ni wọ́n ń sọ gan-an?

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín ti kọjá ibi tó yẹ kó mọ, kò sì tíì dé ibi tí dókítà á ti pè é ní àtọ̀gbẹ. Tí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀ kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan, tí kò sì tó 100 (mg/dL ni mo fi ń ka gbogbo òǹkà ṣúgà níbí), ó dáa. Láti 100 dé 125 ni ẹnu ọ̀nà. Tó bá di 126 sókè, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tó tún rí bẹ́ẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn kì í pè é ní ẹnu ọ̀nà àfi tó bá dé 110, ìdí nìyẹn tí dókítà méjì fi lè wo ìwé kan náà kí ọ̀rọ̀ wọn má dọ́gba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ́nù, òǹkà tiyín yàtọ̀: ẹ fi 18 pín tiwa, ẹ ó rí tiyín. 100 tiwa ni 5.6 tiyín.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe ń ṣe láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Láti 5.7 dé 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ nípa rẹ̀: tí jẹ́nótáìpù yín bá jẹ́ AS, àyẹ̀wò yìí lè fi ṣúgà yín hàn pé ó kéré ju bó ṣe wà lọ. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló sì jẹ́ AS ní Nàìjíríà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ SS, ẹ má gbára lé e rárá. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún ẹni tó ń yẹ̀ yín wò, bí kò tilẹ̀ bèèrè.

Ẹ ní ṣúgà mi ga, ẹ tún ní ó ń já wálẹ̀. Báwo ló ṣe ń jẹ́ méjèèjì?

Èyí ló ń rú àwọn èèyàn lójú jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Tí a bá jẹun, oúnjẹ á di ṣúgà, á wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àpò tí oúnjẹ ń lọ, páńkíríásì lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tú ínsúlíìnì jáde. Iṣẹ́ ínsúlíìnì ni pé kó ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà, kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹran ara, níbi tá a ti ń fi í ṣe agbára. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́ ni ínsúlíìnì ti jáde. Ó ti ń dúró de àlejò kí àlejò tó kanlẹ̀kùn.

Lára àwa tá a wà lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan méjì ti yingin. Ilẹ̀kùn náà ti ń há, ó di kí ínsúlíìnì púpọ̀ para pọ̀ tì í kó tó ṣí. Èkejì, ìjáde àkọ́kọ́ yẹn ti ń pẹ́, kò sì lágbára mọ́. Ṣúgà á wá kọ́kọ́ gòkè gan-an. Nígbà tí páńkíríásì bá rí i pé ọ̀rọ̀ ti le, á da ínsúlíìnì síta bí ẹni ń da omi síná. Kí ínsúlíìnì yẹn tó jára mọ́ṣẹ́ tán, oúnjẹ tó tìtorí rẹ̀ jáde ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ìfun. Ínsúlíìnì pọ̀, oúnjẹ ò sí mọ́, ni ṣúgà bá já. Wákàtí méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn oúnjẹ ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹni tó jẹun láago méje ṣe ń gbọ̀n láago mẹ́wàá nìyẹn.

Oúnjẹ tẹ́ ẹ ti jẹ tán ló ń gbọ̀n yín, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ kò tíì jẹ. Tí èyí bá ti yé yín, ìyókù á rọrùn.

Ṣé gbogbo ìgbà tí ara mi bá gbọ̀n ni ṣúgà mi ti lọ sílẹ̀?

Rárá o. Lára ẹni tí kò lo òògùn àtọ̀gbẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ tá a fi ń yẹ ṣúgà wò á sọ pé ṣúgà wà níbi tó yẹ kó wà.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn, mo fẹ́ fa òògùn sínú abẹ́rẹ́. Ìgò òògùn wà lọ́wọ́ òsì mi, abẹ́rẹ́ wà lọ́tùn-ún, mi ò rí ẹnu abẹ́rẹ́ yẹn tì bọ ìdérí rọ́bà. Ó fo sọ́tùn-ún, ó fo sósì. Òógùn tútù ti rin ọrùn aṣọ funfun mi. Mo gbé iṣẹ́ fún ẹnì kejì mi, mo jókòó, mo gún ìka ara mi. Mo ti ń retí 50. 84 ni mo rí. Mo fọwọ́, mo tún un gún: 86.

84 kì í ṣe ṣúgà tó kéré. Àmọ́ ó ṣeé ṣe kí n ti wà ní 180 ní wákàtí méjì ṣáájú, kí n wá já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara tó ti mọ́ lára láti máa gbé pẹ̀lú ṣúgà tó ga, tó bá rí i pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, á rò pé ewu dé, á tú adirẹnalíìnì síta. Adirẹnalíìnì yẹn ló ń mú ọwọ́ gbọ̀n, òun ló ń mú àyà lù kìkìkì. Ìgbọ̀n náà kì í ṣe irọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ̀ ń dá a sílẹ̀ lọ́kàn ara yín. Kì í kàn ṣe ohun tá a ń fi ṣúgà tọ́jú ni.

Nínú òǹkà, ibi tó ti yẹ ká kíyè sára ni ìsàlẹ̀ 70. Ìsàlẹ̀ 54 ni ọ̀rọ̀ ti le. Láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940 ni oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà kan, Allen Whipple, ti fi ohun mẹ́ta lélẹ̀ tí àwọn dókítà ń wò dòní: kí àpẹẹrẹ wà lára, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní àkókò yẹn gan-an fi hàn pé ṣúgà kéré, kí ara sì padà bọ̀ sípò nígbà tí ṣúgà bá gòkè. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá ohun mìíràn.

Báwo ló ṣe máa ń ṣe èèyàn?

Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò yín, ebi òjijì tó ń ta ni lẹ́nu, orí á fúyẹ́, ètè á máa ta wínníwínní, inú á máa bí yín láìnídìí. Ìyẹn ni ti adirẹnalíìnì. Tí ṣúgà bá wá kéré débi tí ọpọlọ ò rí lò mọ́, nǹkan mìíràn á yọ: ojú á máa ṣú, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu, èèyàn á máa ṣe bí ẹni tó mutí. Tẹ́ ẹ bá rí ti ìkejì yìí, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí n ṣe báyìí báyìí?

Ẹ jókòó. Tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, ẹ yà sẹ́bàá títì, ẹ pa ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn ọ̀kadà, ẹ ní kó sọ̀ yín kalẹ̀. Tí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò bá wà lọ́wọ́, ẹ fọwọ́, ẹ gún ìka.

Tí kò bá tó 70, gíráàmù 15 ṣúgà tó ń tètè ṣiṣẹ́ lẹ nílò: hóró ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà nínú omi, tàbí ìlàjì ife omi ọsàn. Ẹ dúró ní ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò. Tí kò bá tíì gòkè, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣẹ́jú 15 yẹn gùn bí ọdún fún ẹni tó ń gbọ̀n, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á mu ìgò mínírà kan tán, wọ́n á fi búrẹ́dì lé e, wákàtí kan lẹ́yìn náà ṣúgà ti di 200. Tó bá ti kọjá 70, ẹ wá oúnjẹ gidi díẹ̀ jẹ, ẹyin bíbọ̀ tàbí mọ́ínmọ́ín, kó má bàa tún já.

Tó bá jẹ́ 70 sókè ni ẹ̀rọ kà, ẹ má fọwọ́ kan ṣúgà. Ẹ mu omi, ẹ jẹ ẹ̀pà ẹ̀kún ọwọ́ kan tàbí ẹyin kan, ẹ sinmi. Kò ní pẹ́ tí á fi lọ.

Tí kò bá sí ẹ̀rọ ńkọ́? Tí ọkàn yín bá ń dàrú tàbí ojú yín ń ṣú, ẹ lo ṣúgà náà láìdúró. Tó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀pà.

Ẹ má lo ṣokoléètì tàbí áísìkiriìmù fún èyí, ọ̀rá inú wọn kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Mínírà tí wọ́n kọ "zero" sí lára kò ní ṣúgà, kò wúlò níbí. Àwọn ará wa ní Bìrìtìkó tó fọkàn tán Lucozade, ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2017 ni wọ́n ti dín ṣúgà inú rẹ̀ kù ju ìdajì lọ; ìwọ̀n tí màmá yín ń lò tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́. Ẹ ka ara ìgò.

Kí ló burú nínú kí n máa mu mọ́ọ̀tì nígbàkigbà tó bá ti ṣe mí bẹ́ẹ̀?

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara á balẹ̀, ẹ ó sì gbà pé òògùn rẹ̀ lẹ rí. Àmọ́ ṣúgà tún ti gòkè, páńkíríásì tún ti da ínsúlíìnì síta, láago kan ọ̀sán ẹ tún ń gbọ̀n. Mo mọ oníṣòwò aṣọ kan tó ń mu mọ́ọ̀tì mẹ́ta lóòjọ́ "kí ó má bàa dákú". Ó sanra sí i, ilẹ̀kùn ara rẹ̀ túbọ̀ ń há, ìgbọ̀n náà kò sì lọ. Nígbà tó fi mọ́ọ̀tì àárọ̀ sílẹ̀, tó ń jẹ ẹ̀wà dípò búrẹ́dì, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó pè mí pé òun ò rí i mọ́. Ohùn rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọbẹ̀ sórí iná.

Oúnjẹ wo gan-an ló ń fà á?

Oúnjẹ tó ń tètè di ṣúgà, tí kò sí nǹkan mìíràn pẹ̀lú rẹ̀ láti dá a dúró. Ògì pẹ̀lú ṣúgà. Búrẹ́dì Agége àti tíì tó dùn. Gàrí tí wọ́n rẹ, tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Sipagẹ́tì lásán. Bísíkíìtì àti mínírà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀.

Mo gbìyànjú ẹ̀ lára ara mi. Ní ọjọ́ Ajé kan mo mu ògì abọ́ kan, hóró ṣúgà márùn-ún, búrẹ́dì ègé méjì. Wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, 178. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, 66, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo mu ògì kan náà, abọ́ kan náà, mi ò fi ṣúgà sí i, mo fi mọ́ínmọ́ín méjì jẹ ẹ́. Wákàtí kan: 139. Wákàtí mẹ́ta: 94. Mo ń ránṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo yẹ èyí tó kẹ́yìn wò, abẹ́rẹ́ ò yẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ara kò dọ́gba, òǹkà tiyín lè yàtọ̀ sí tèmi, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò pẹ̀lú oúnjẹ tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ìka yín bá sọ fún yín, ẹ ò ní jiyàn rẹ̀.

Ẹ̀wà, àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, wàrà, ẹ̀fọ́ tó pọ̀: àwọn wọ̀nyí ló ń mú kí ṣúgà máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fi àkàrà jẹ ògì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àmàlà ńkọ́? Wọ́n ní kì í ṣe alátọ̀gbẹ ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn níjàǹbá. Àmàlà, iyán, ẹ̀bà, fùfú, sẹmó, wíìtì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú náà ń di ṣúgà, bó ti wù kó rọra tó. Àwọ̀ dúdú àmàlà kò yọ iṣu kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe kókó ni bí òkèlè náà ṣe tóbi tó, àti ohun tó wà nínú abọ́ kejì. Òkèlè tó tó ìkúùkù kan, ẹ̀fọ́ rírò tó kún abọ́, ẹja tàbí ẹran, ó ti tó.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ yí nǹkan kan padà. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹran là ń jẹ kẹ́yìn. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ mú ẹran, olójúkòkòrò ni. Ẹ dojú rẹ̀ dé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ẹja tàbí ẹran, kẹ́ ẹ tó bu òkèlè. Oúnjẹ kan náà ni, àmọ́ ṣúgà kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀ tí òkèlè bá wọlé kẹ́yìn. Ọmọ-ọmọ mi rí mi níbi tí mo ti ń ṣe é, ó ní "Màmá àgbà, ẹ ti jẹ ẹran tán!" Mo ṣàlàyé fún un.

Lẹ́yìn oúnjẹ, kẹ́ ẹ má lọ dùbúlẹ̀. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹsẹ̀ tó ń rìn máa ń gba ṣúgà láìdúró de ínsúlíìnì púpọ̀.

Ṣé mo lè gba ààwẹ̀?

Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí kò lo òògùn tó ń já ṣúgà wálẹ̀, tí kò lóyún, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbààwẹ̀ Ramadan láìsí wàhálà. Tí oúnjẹ kò bá sí, ẹ̀dọ̀ á máa tú ṣúgà tó ti tọ́jú pamọ́ síta, a kì í dédé já lulẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni sààrì àti ìṣínu. Ẹni tó bá fi búrẹ́dì àti tíì ṣe sààrì láago mẹ́rin ìdájí, láago mẹ́jọ á ti máa gbọ̀n, ọjọ́ á wá gùn. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹyin ṣe sààrì, kẹ́ ẹ sì fi í sún mọ́ ìdájí. Ẹ fi dàbínù kan sí mẹ́ta àti omi ṣínu, ẹ kí ìrun, kẹ́ ẹ tó jókòó ti oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ló gbà pé gígún ìka láti yẹ ṣúgà wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Tí ẹ̀rọ bá sọ pé kò tó 70, ẹ ṣínu. Ẹ ó san án padà.

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ má ṣe é láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Ṣé òògùn lè fà á?

Ó lè fà á gan-an, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ka èyí dáadáa. Lára àwọn òògùn àtọ̀gbẹ, tẹ́ ẹ bá ń lo metformin nìkan, kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ kọjá ààlà. Glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, àti glimepiride, àwọn yẹn ń fipá mú páńkíríásì tú ínsúlíìnì síta bóyá ẹ jẹun o tàbí ẹ kò jẹun. Kò yẹ kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà máa dá wọn rà lọ́wọ́ kẹ́mísìtì nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ń lò ó. Mo ti bá wọn gbé ìyá kan wọlé tó lo Daonil ọkọ rẹ̀ lálẹ́ tí kò sì jẹun. Ṣúgà rẹ̀ jẹ́ 31. Ó yè é, àmọ́ ọjọ́ méjì gbáko ló fi wà lórí omi ṣúgà, torí òògùn náà kì í tètè kúrò lára.

Àgbo àti oògùn ìbílẹ̀ tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ní Singapore, 150 èèyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n gbé dé ọsibítù pẹ̀lú ṣúgà tó já lulẹ̀. Ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, oògùn agbára ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ wọn ti lò. Nígbà tí wọ́n yẹ oògùn náà wò, glibenclamide ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹni mẹ́rin kú. Nítorí náà, tí dókítà bá bi yín pé kí lẹ ń lò, ẹ má fi ohun tó wà nínú ìgò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pamọ́.

Kíníìnì tí wọ́n ń lò fún ibà náà lè já ṣúgà wálẹ̀, pàápàá lára aboyún. Ibà tó le fúnra rẹ̀ lè já a. Tí ibà bá ń ṣe yín, tí ara ń gbọ̀n, ẹ má rò pé òtútù ibà nìkan ni.

Mo gbọ́ pé iṣin ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ṣé mo lè fi í tọ́jú ara mi?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Iṣin tó pọ́n, tó la ara rẹ̀ lórí igi, tó fi kóró dúdú rẹ̀ hàn, oúnjẹ ni. Èyí tí kò tíì là, májèlé ni. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí ṣúgà tuntun ṣe; èèyàn á máa bì, ṣúgà á já, á sì kú tí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Igi ọ̀dọ̀ tiwa ni, láti apá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti gbé e dé Jàmáíkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ àìsàn yìí débi tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ìlú náà. Àwọn ọmọdé ti kú nítorí rẹ̀ ní Burkina Faso lọ́dún 1998. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń fi òkò já a.

Ọtí ńkọ́?

Ọtí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà síta bó ṣe yẹ. Ẹni tó mu ògógóró láìjẹun, tó wá sùn, lè jí pẹ̀lú ṣúgà tó já, àwọn ará ilé á sì rò pé ọtí ló ṣì ń pa á. Tẹ́ ẹ bá máa mu, ẹ jẹun sí i.

Ẹ̀rọ sọ pé ṣúgà mi dáa ní gbogbo ìgbà, síbẹ̀ mò ń gbọ̀n. Kí ló kù?

Àìtó ẹ̀jẹ̀. Àìsùn. Kọfí tó pọ̀ jù. Ìpáyà, tó ń tú adirẹnalíìnì kan náà síta. Ẹṣẹ́ ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, tó bá ń ṣiṣẹ́ jù. Àsìkò tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró lára obìnrin: ooru òjijì àti òógùn rẹ̀ jọ ti ṣúgà débi tí èmi fúnra mi ṣì í mú. Ẹ gbé ìwé tẹ́ ẹ kọ òǹkà yín sí lọ bá dókítà, ó wúlò ju kẹ́ ẹ máa fi ẹnu ròyìn lọ.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi propranolol tàbí atenolol: oògùn yìí lè bo ìgbọ̀n àti ìlùkìkì àyà mọ́lẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá já ní tòótọ́. Òógùn ni yóò kù láti ta yín lólobó.

Ìgbà wo ló di ti ọsibítù?

Tó bá ń ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó jẹun àárọ̀, tàbí lóru, tàbí nígbà tẹ́ ẹ bá pẹ́ láìjẹun, ìyẹn kì í ṣe ti oúnjẹ tẹ́ ẹ jẹ, kò sì bá ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ mu. Kókó kékeré kan lè hù lára páńkíríásì tí á máa tú ínsúlíìnì síta láìdúró. Kò wọ́pọ̀ rárá, àmọ́ ó ṣeé tọ́jú, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Bákan náà, tí ẹ̀rọ bá ka ohun tí kò tó 54 lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ abẹ lórí àpò oúnjẹ rí.

Tí ẹnì kan bá dákú tàbí gìrì mú un, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ oyin, ì báà jẹ́ epo. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e lọ.

Ṣé ẹ̀rọ ìyẹ̀wò ilé ṣeé gbọ́kàn lé?

Ó ṣeé gbọ́kàn lé níwọ̀n. Bí ẹ̀rọ tó dáa bá ka 70, òtítọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín 55 sí 85. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ: omi ọsàn tàbí àgbálùmọ̀ tó kù lára ìka á sọ 90 di 160. Ẹ wo ọjọ́ tí strip rẹ̀, pélébé tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, máa lo àkókò tán, ẹ má sì tú u síta kúrò nínú ìgò rẹ̀. Ọ̀rinrin ń bà á jẹ́.

Ṣé mo lè padà kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí?

Ọ̀pọ̀ ti padà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 3,234 tó wà níbi tá a wà yìí fún bí ọdún mẹ́ta, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, iye wọn tó bọ́ sínú àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò ṣe é. Metformin dín in kù ní ìdá 31. Ẹni tó wọn kílò 90, kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ni ìdá 7 yẹn. 108 ni mo kà láàárọ̀ fún ọdún kan gbáko. Nígbà tó yá ó di 97.

Ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ ń gbé sínú báàgì?

Ẹ̀rọ mi àti ìgò strip rẹ̀. Ẹ̀pà yíyan nínú ìgò kékeré, òun ni mò ń lò jù. Ìwé pélébé kan tó ní orúkọ mi, nọ́ńbà ọmọ mi àti oògùn tí mò ń lò. Hóró ṣúgà mẹ́rin tí mo di sínú ọ̀rá. Láti ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni mo ti dì í, igun rẹ̀ ti ń rún, n kò tíì tú u.